Irun Funfun Nínú Àwo Ike

“Ohun tí mo bá ti fọwọ́ kàn, kì í kú.”

Ohun tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà láàbù, ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó débẹ̀, kó tó bọ́ bàtà ìta, kó tó wọ ti inú ilé. Ó gbé àyà síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Baba Iná bí ẹni tó fẹ́ tà wọ́n.

Baba Iná ni àgbàlagbà tó ń kó ìdọ̀tí láàbù náà lọ síbi tí wọ́n ti ń sè é nínú ìkòkò irin ńlá kí wọ́n tó sun ún. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Ó ní ọwọ́ ọ̀hún dára o, àmọ́ kó lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí ẹni tí kò bá fọwọ́ kì í wọ ibí, ìbáà ṣe ọwọ́ tó ń jí òkú.

Orúkọ ìnagijẹ yẹn ti pẹ́ lára rẹ̀. Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Òjò pa òròmọdìẹ kan lọ́jọ́ kan títí ó fi gan, gbogbo ilé sì ní kí wọ́n gbé e jù sẹ́yìn ògiri. Ọmọ náà kọ̀. Ó kó òròmọdìẹ sábẹ́ aṣọ, ó fi mọ́ ikùn, ó jókòó tì í bí adìyẹ tó sàba, títí nǹkan náà fi ké. Láti ọjọ́ náà ló ti di Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Ọmọ ológbò tí ìpìn dí lójú, òun ni. Ẹja inú ìgò olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, òun náà ni. Ohun kan ṣoṣo ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn ni Màmá àgbà fúnra rẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ mú un lọ ní àsìkò tí ọmọ náà ń ṣe ìdánwò, tí àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ kí i ní ilé ìwòsàn kí ọkàn rẹ̀ má bàa dàrú. Ó yege ìdánwò náà. Kò rí Màmá mọ́. Kò sọ ìyẹn fún Baba Iná, nítorí ẹni tó ń fọ́nnu kì í ka àdánù.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló ni iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń ṣe ní láàbù náà. Dókítà ni gbogbo ilé náà ń pè é, Àǹtí ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó jẹun àárọ̀, tí kì í sì í jẹun àárọ̀. Ó gba ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀ fún ìsinmi kó lè mọ bóyá sáyẹ́ǹsì tó ń pariwo pé òun máa kà ní yunifásítì máa bá a lára mu.

Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá náà. Irin ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ó sì ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tọ̀sán-tòru bí ẹni tó ń ronú. Inú rẹ̀ kò tutù, kò sì jóni. Ó gbóná gẹ́lẹ́ bí abẹ́ abíyá ènìyàn. Bí wọ́n bá ṣí i, ooru ọ̀rinrin á fẹ́ sí ojú ẹni bí ìgbà tí ẹnì kan mí síni lójú. Àwọn àwo ike pẹlẹbẹ tó ní ìdérí ló kún inú rẹ̀, omi pupa rẹ́súrẹ́sú wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà aláìsàn tó ni ín sì wà lórí ìdérí.

Àǹtí tọ́ka sí i bí ẹni tó ń tọ́ka sí àpò ìrẹsì. “Ìpele kejì yẹn, ti Màmá ni.”

“Màmá wo?”

“Màmá wa.”

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sún mọ́ gíláàsì náà. Àǹtí wá ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fún ìwádìí. Wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Màmá tiẹ̀ ní bí ọwọ́ wọn bá tẹ nǹkan ọ̀hún, kí wọ́n bá òun fi ìyà jẹ ẹ́ dáadáa.

“Ṣé pé apá kan lára Màmá ṣì wà láàyè?”

“Rárá. Màmá ti lọ. Ohun tó pa Màmá ló wà láàyè. Mo ń fún un lóúnjẹ lójoojúmọ́ kí n lè mọ ohun tó máa pa á.”

Kọ́bọ́ọ̀dù ń kùn. Àǹtí gbé àwo kan sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó ní kí ọmọ náà wò ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ lọ súà, wọ́n fara kan ara wọn, àwọn kan gun orí ara wọn. Ọ̀kan láàárín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó di róbótó, ó fún níbàdí bí ẹni tó de bẹ́líìtì jù, ó sì di méjì. Kò pariwo. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àǹtí ní bí ó ṣe yẹ kó rí kọ́ nìyẹn. “Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, purotéènì kan wà tó ń pàṣẹ pé ó yá, pín sí méjì. Tó bá ti pàṣẹ tán, kò yẹ kó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn sàmìsàmì á wá lẹ àmì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọlọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tó bá ti ní àmì lẹ́yìn ló ń lọ̀ kúnná. Àṣẹ á dákẹ́, sẹ́ẹ̀lì á sinmi.”

“Kí ló wá dé tí àwọn tibí ò sinmi?”

“Ẹ́ńsáìmù kan ló fà á. Jámìjámì ni èmi ń pè é. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti já àmì kúrò. Kì í ṣe ọ̀tá o. Bí wọ́n bá ṣèèṣì lẹ àmì mọ́ aláìṣẹ̀, òun ló ń gbà á lọ́wọ́ ọlọ. Àmọ́ nínú irú jẹjẹrẹ tibí, àánú rẹ̀ ti di àṣejù. Gbogbo ẹni tó bá ti ní àmì ló ń gbà sílẹ̀. Apàṣẹ kò kú mọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń sọ ọ́ ṣáá pé pín, pín, pín.”

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Oògùn kan ni Àǹtí ń dán wò tó lè di jámìjámì lọ́wọ́. Àwọn àwo tó ń mu oògùn náà wà ní ìpele kẹta. Bí pípín wọn bá dáwọ́ dúró, ọ̀gá ilé ìwádìí náà á jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ. Bí kò bá sí ohun tí Àǹtí rí fi hàn án, wọ́n á ti yàrá náà, ọ̀pọ̀ ọdún á sì wọ gbó.

Òfin kan ṣoṣo ló kù. Àwo tó bá ti bàjẹ́, Àǹtí á lẹ téèpù pupa mọ́ ọn lórí. Baba Iná á ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá láàárọ̀, á kó gbogbo ohun tó ní téèpù pupa, kò sì ní fọwọ́ kan ohun tí kò ní.

“Ẹnikẹ́ni kì í já téèpù pupa,” ni Àǹtí wí. “Ẹnikẹ́ni.”

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ní òun ti gbọ́. Lóòótọ́ ló gbọ́. Etí kò ṣe aláìgbọ́ rí, ọkàn ni kì í dúró gbọ́ parí.

Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwo. Bí yàrá bá ti dá, á kúnlẹ̀ níwájú ìpele kejì, á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Màmá.” Ó mọ̀ pé kì í ṣe Màmá. Wọ́n ti sọ fún un, ó sì lè kà á lórí láìwòwé. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn gíláàsì náà máa ń ṣú díẹ̀ níbi tí ẹnu rẹ̀ bá wà, lójú tirẹ̀ ó sì máa ń dà bíi pé láti inú ni ó ti ń ṣú. Ó sọ fún àwo pé òun ti gba ipò kejì nínú ìṣirò. Ó sọ fún àwo pé ìyá òun ò tíì gbé gèlè Màmá kúrò lórí ìṣó. Baba Iná bá a lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi í pé kí ló sọnù. Ó ní okùn bàtà òun ló tú. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò ní okùn. Baba Iná wo bàtà, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àǹtí kó gbogbo àwo jáde, ó nu kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tò wọ́n padà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń bà wọ́n. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ nìkan ló wà ní yàrá, Àǹtí ti wọ ìpàdé lókè. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti kí Màmá. Téèpù pupa wà lórí àwo ìpele kejì.

Ó gbé e síta, ó gbé e sókè síbi iná. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Omi rẹ̀ mọ́. Àbùkù kan ṣoṣo tó rí ni tóótó funfun kan, tí kò tó ẹyọ iyọ̀, lẹ́bàá etí àwo. Nítorí èyí? Gbogbo ilé ló ní kí wọ́n gbé òròmọdìẹ jù nù nígbà náà. Gbogbo ilé ló ní kó jókòó ti ìwé rẹ̀ nígbà tí Màmá ń kú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sọ fún un pé kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì kọ̀.

Ó gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ Baba Iná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan ń ké bí eku. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ já téèpù náà. Ó já wọ̀ọ́, ó sì ká íńkì nọ́ńbà tó wà lórí ìdérí mọ́ra lọ. Ó ki téèpù bọ àpò aṣọ iṣẹ́, ó dá àwo padà, ó ti ilẹ̀kùn.

Baba Iná wọlé. Ó wo ìpele kìn-ín-ní, kejì, kẹta. Kò rí pupa. Ó dúró sí ìpele kejì ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ náà ló kọ́kọ́ dé. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn láti kí Màmá.

Irun ti hù nínú àwo náà.

Irun funfun ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀, ó ká ara rẹ̀ kò lábẹ́ ìdérí gẹ́gẹ́ bí irun Màmá ṣe máa ń ká lábẹ́ gèlè. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù kò bà á. Inú rẹ̀ dùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó ṣí ìdérí díẹ̀ kó lè rí i dáadáa, erukuru funfun kan tí kò lè rí dáadáa sì fò jáde bí èémí. Ó pa á dé, ó tì í sẹ́yìn àwọn yòókù kí Àǹtí má bàa rí i, ó sì lọ fọ ìgò tó kún ọpọ́n. Ó ń kọrin.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àǹtí ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fa àwo kan yọ, ó fa òmíràn yọ. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ yíjú láti ìdí ọpọ́n.

Gbogbo wọn ló ti hurun. Ìpele kìn-ín-ní hurun, ìkejì hurun. Àwọn àwo olóògùn hù ú ju gbogbo wọn lọ. Omi pupa ti di yẹ́lò bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Irun ti gba etí àwo jáde, ó ń fọwọ́ ra irin bí afọ́jú tó ń wá ọ̀nà. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò sì dáwọ́ kíkùn dúró, ó ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ ní ooru abẹ́ abíyá, bí abiyamọ tí wọ́n gbé ọmọ ẹlòmíràn fún tí kò mọ̀.

“Ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ni,” ni Àǹtí wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. “Mo rí i lára ọ̀kan lọ́jọ́bọ̀, mo lẹ téèpù mọ́ ọn.” Ó jókòó. “Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo rí i tí àwọn olóògùn dáwọ́ pípín dúró. Mo ní kí n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Wọ́n pe Baba Iná. Ó ní ohun tó bá ní téèpù lòun ń kó. Ọ̀gá ilé ìwádìí náà sọ̀ kalẹ̀ wá, ọkùnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ìlàjì, ó sì dá ẹjọ́ ní odindi. Ó ní ojú Bàbá ló ti ṣú, ẹni tí kò rí pupa mọ́ kò ní iṣẹ́ níbí, kí Bàbá lọ máa kó ẹrù rẹ̀.

Baba Iná kò jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá, bí ẹni tó ti ń gbà pé bóyá òótọ́ ni.

Gbogbo ohun tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ní láti ṣe ni kó dákẹ́. Kò ní purọ́. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan. Ó ki ọwọ́ bọ àpò nítorí pé kò mọ ibi tí yóò fi í sí, téèpù náà sì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó gbọn ọwọ́ nínú àpò. Kò jábọ́. Ó fi ìka mìíràn ṣí i, ó lẹ̀ mọ́ ìyẹn náà. Ó wo ojú Baba Iná. Bí arúgbó yìí bá lọ, á ti di ẹni tí wọ́n lẹ àmì mọ́ láìṣẹ̀, ẹni tó sì lè gbà á sílẹ̀ ń gbọn ọwọ́ nínú àpò.

Ó fa ọwọ́ yọ. Téèpù pupa ń fì lẹ́nu ìka rẹ̀.

“Ojú Bàbá ò ṣú,” ló wí. “Èmi ni jámìjámì.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti òròmọdìẹ, ti ìdánwò, ti ìkúnlẹ̀, ti irun. Ó ní àwo Màmá ni, òun kò sì lè jẹ́ kí wọ́n tún gbé Màmá lọ lẹ́yìn òun. Ọ̀gá wo téèpù, ó wo ọmọ náà. Ó yíjú sí Baba Iná, ó ní ẹ má bínú, sàà. Ó pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Kó tó dé, Baba Iná ti kó gbogbo àwo sínú ìkòkò irin, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo náà lórí tábìlì. Ó ní òun kì í kó ohun tí kò ní téèpù, kí wọ́n tó tún sọ pé ojú òun ṣú. Ọ̀gá ti fún Àǹtí láàyè láti bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, nítorí díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo wọn ṣì wà nínú àgbá yìnyín. Àmọ́ ó di ọ̀pọ̀ oṣù kí iṣẹ́ tó padà dé ibi tó wà, kò sì dájú pé wọ́n á ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ní ti Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, á fi ìyókù ìsinmi rẹ̀ fọ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwo kankan.

Ìyá rẹ̀ ti ń bá a wí láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó bá a wí la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó bá a wí wọ yàrá, gèlè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú tán. Ó ní òun bí ọmọ, ọmọ lọ di kòkòrò. Àfi ìgbà tí ojú rẹ̀ kan àwo orí tábìlì tó bi wọ́n léèrè pé irun ta nìyẹn. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ní ti Màmá ni. Ìbáwí dá lẹ́nu rẹ̀ gbì. Ó tú gèlè náà kúrò lórí, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, obìnrin tó ń pariwo láìpẹ́ yìí. “Ìyá mi,” ló wí. “Ẹ ò tíì lọ?”

Omijé gba ojú gbogbo wọn. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Baba Iná ṣí fìlà.

Àǹtí gbé ọwọ́ lé ọmọ náà léjìká. “Gbọ́ mi,” ló wí. “Àmì tí o já kúrò lára àwo yẹn kò mú kí àwo náà sàn. Àṣìṣe kì í tán nítorí pé wọn ò rí i mọ́. Ṣe ló máa ń ráyè bí ọmọ. Ohun tó bá tó láti lọ, tí a ò jẹ́ kó lọ, á kó àwọn tó yẹ kó dúró lọ. Àánú dára. Àánú tí kò mọ ìwọ̀n, jẹjẹrẹ ni.”

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbà á gbọ́, lọ́tẹ̀ yìí tọkàntọkàn. Ó kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀ níwájú àwo. Ó ní, “Ẹ máa lọ o, Màmá. Ó dàárọ̀. Mi ò ní mú yín dúró mọ́.” Ó bọ́ téèpù náà lẹ́nu ìka, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àǹtí kó dá a padà síbi tí òun ti já a.

Àǹtí na téèpù náà, ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́. Ó dá dúró. Ó yí i síbi iná, ó ka nọ́ńbà tí téèpù náà ká lọ.

“Ti Màmá ti wọ ìkòkò láti àárọ̀,” ló wí. “Ti bàbá awakọ̀ kan nìyí. Orí ẹ̀ tiẹ̀ pá.”